Etí Tí Ó Ń Ṣọyún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn wá títí di òní.

Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kejì. Bí a bá pè é, kì í dáhùn. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, ẹnu wa ni yóò máa wò. A pè é ní olóríkunkun. A nà án. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a rí ọyún tí ó gbẹ mọ́ ọn létí. Ìyá rẹ̀ ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí etí náà ti ń ṣọyún. Wọ́n ní bí ọmọ bá dàgbà, yóò lọ. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ náà kò ṣe oríkunkun. Kò gbọ́ wa ni.

Bí etí ti rí

Etí tí à ń rí lóde, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ihò rẹ̀ wọlé lọ dé ibi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí à ń pè ní ìlù etí. Lẹ́yìn ìlù yìí ni yàrá kékeré kan wà. Eegun wínníwínní mẹ́ta wà nínú yàrá náà. Àwọn ni wọ́n ń gbé ohùn wọlé kí a tó gbọ́.

Yàrá yìí ní ọ̀nà tóóró kan tí ó já sí ẹ̀yìn imú. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagẹ̀rẹ̀ tó ti àgbàlagbà. Nítorí náà, bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọdé, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú etí.

Ogun inú etí

Ara kì í dákẹ́. Àwọn ọmọ-ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Bí kòkòrò bá wọlé, wọn a sáré lọ bá a jà. Ibẹ̀ a wú, a gbóná, etí a sì máa ro ọmọ. Òkú ọmọ-ogun, òkú kòkòrò àti omi ara, àwọn ni ọyún. Bí ọyún bá pọ̀ jù, a lu ìlù etí, a sì dà jáde. Ìrora a dínkù, ìyá a sì rò pé àrùn ti tán.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ogun náà a parí, ihò a sì dí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í dí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Omi ìwẹ̀ àti ìdọ̀tí a gba ihò náà wọlé, àti kòkòrò tuntun pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní Pseudomonas, fẹ́ràn omi àti ibi tútù. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí a máa fi ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ilá bo ara wọn. Ọmọ-ogun ara kò rí wọn mú dáadáa mọ́, oògùn pàápàá kò tètè kàn wọ́n.

Síbẹ̀ ara kò dẹ́kun ìjà. Ogun tí kò parí a máa ba ìlú tí à ń gbèjà jẹ́. Ó lè jẹ eegun mẹ́ta wọ̀nnì, etí a sì di. Ó tilẹ̀ lè ràn dé ọpọlọ, kí ó sì pa ènìyàn.

Ohun tí a óò ṣe

1. Bí etí bá ṣọyún, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí àrùn tí ó ti pẹ́. Ẹ má ra oògùn etí fúnra yín, nítorí òmíràn lè ba etí tí ìlù rẹ̀ ti lu jẹ́.

2. Ẹ jẹ́ kí etí gbẹ. Ẹ ká aṣọ òwú tí ó mọ́ bí òwú àtùpà. Ẹ fi sí etí jẹ́jẹ́. Bí ó bá tutù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn sí i, títí yóò fi jáde ní gbígbẹ. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kán oògùn tí dókítà fún yín.

3. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Kí ọmọ má lúwẹ̀ẹ́ lódò.

4. Ẹ má fi àdín, kẹrosíìnì tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro ó.

5. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tàbí bí ibà, èébì àti orí fífọ́ líle bá dé, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Ọmú ìyá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ilé tí èéfín kò sí, gbogbo wọn ń ran etí ọmọ lọ́wọ́.

A gbé ọmọ wa yẹn sí ìjókòó iwájú, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a ti nà án, a kò lè gbà á padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ ka èyí fún aládùúgbò yín tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọyún?
2. Kí ni ó dé tí omi kò fi gbọdọ̀ wọ etí tí ìlù rẹ̀ ti lu?
3. Ta ni ẹ mọ̀ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún? Kí ni ẹ óò sọ fún un?