Iye èèyàn Ouémé: ohun tí àròpọ̀ ń bò mọ́lẹ̀

Ìyá aláta ní Tokpota, nílùú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kì í da tàtàṣé pọ̀ mọ́ rodo lórí àtẹ. Òkìtì-òkìtì ló máa ń tò wọ́n sí, kí oníbàárà lè tètè rí èyí tó fẹ́ rà. Nọ́ńbà náà fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àjọ INSAE ka àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún 2013, 10,008,749 ni wọ́n. Ẹkùn Ouémé, níbi tí Àjàṣẹ́ wà, ní 1,100,404. Komúnù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá pín in dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní bíi 122,000.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Àjàṣẹ́ nìkan ní 264,320, Sèmè-Kpodji ní 222,701. Aguégués tó wà lórí omi ní 44,562, Bonou sì ní 44,349. Ẹni tó bá fẹ́ pín ilé ìwòsàn tàbí kànga, tó jẹ́ pé àròpọ̀ Ouémé nìkan ló wà níwájú rẹ̀, á ka Aguégués sí bí ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́. Àjàṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, kò ní rí ìdajì ohun tó tọ́ sí i gbà.

Èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ R, ọ̀fẹ́ ni. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand. Nínú rẹ̀, àṣẹ group_by ló ń ṣa nọ́ńbà sí ìdì-ìdì, summarise ló ń rò wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: bí summarise bá ti ṣiṣẹ́ tán, ìlà mẹ́sàn-án á di ẹyọ kan, Aguégués á sì pòórá. Èmi fara mọ́ àfikún tó ń jẹ́ gt ju ìyẹn lọ. Á kọ Ouémé sókè bí àkọlé, á to komúnù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá wá fún un ní àṣẹ summary_rows, á fi àròpọ̀ sí ìsàlẹ̀ láì pa ìlà kankan rẹ́.

Ẹ tún lè to ọdún 2002 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 2013 lórí àtẹ kan náà. Lọ́dún 2002, Àjàṣẹ́ ní 223,552, Sèmè-Kpodji ní 115,238. Láàárín ọdún mọ́kànlá, nǹkan bí 41,000 ló kún Àjàṣẹ́. Sèmè-Kpodji fi ohun tó lé ní 107,000 pọ̀ sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Oníṣòwò Tokpota tó ń wá ibi tí yóò ṣí ìsọ̀ kejì sí kò lè rí ìyẹn nínú àròpọ̀ Ouémé.