Ìdí tí Ara Ènìyàn kò fi Borí Sòbìà

Ẹ̀yin ará, àgbẹ̀ wo ni kò mọ àfòmọ́ orí igi obì? Kò ta gbòǹgbò sílẹ̀; omi ara igi ni ó ń mu. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń bẹ tí í máa gbé inú ara ènìyàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí í máa dá ọ̀tá tí ó ti wá rí mọ̀. Ní ọdún 1961, ní ilẹ̀ Gáḿbíà, Cohen, McGregor àti Carrington yọ ohun-ìjà ẹ̀ṣọ́ yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí ibà ti bá jà láti kékeré, wọ́n sì fi í fún àwọn ọmọdé tí ibà dè mọ́lẹ̀. Kòkòrò ibà sì dínkù gidigidi lára wọn.

Sòbìà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ lè gbé ìdin rẹ̀ mì, nínú ẹ̀dá omi kíkíní kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Ìdin náà yóò lu ìfun já, abo rẹ̀ yóò sì dàgbà nínú ẹran ara fún bí ọdún kan, títí yóò fi gùn tó mítà kan, láìsí ìrora, bí ẹni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti sùn lọ. Ọjọ́ tí ó bá ń yọ ní ẹsẹ̀ ni oró dé. Bí aláìsàn bá sì ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, sòbìà a da ìdin rẹ̀ síbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ara kò kọ́gbọ́n: ẹni tí ó mú lọ́dún yìí, ó tún lè mú un lámọ̀ọ́dún.

Nítorí náà kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí í pa á. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ni a ní láti dí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin wádìí bí àrùn náà ti gbilẹ̀ tó ní Àsà àti Babana. Nígbà tí a sì ka àwọn aláìsàn ní gbogbo Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. A fi aṣọ sẹ́ omi, a gbẹ́ kànga, a dá ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ lẹ́kun wíwọ odò. Ní 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ní 2023 a ṣì rí i lára ènìyàn ní Chad, tí ó bá wa pààlà. Bí ó bá padà wá sí Ọmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, ara arúgbó tí ó ti ṣe é rí kò ní ààbò ju ti ọmọ àná lọ. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe fún wa, asẹ́ ni ó ṣe é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé asẹ́.