Kí Ni Sódà Ń Sọ Aró Dà?

Ẹ̀yin àgbà ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ènìyàn wa láti Ìbarà àti gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ sódà. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹjọ́ rí nílùú yìí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fẹ́ kí àwọn aláró pa sódà àti aró òyìnbó tì, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ba àdìrẹ jẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin aláró kọ̀ jálẹ̀. Ní 1936 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀.

Kí a tó dá sódà lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bí. Èyí kò sì ṣeé mọ̀ láìbéèrè ohun tí ó bá pàdé. Bí sódà bá pàdé epo tàbí àdín, ọṣẹ àti glísẹ́rìn ni yóò jáde. Ti aró yàtọ̀. Aró tí ó ti di búlúù kì í yòrò nínú omi, kò sì lè wọ inú òwú. Nínú ìkòkò ẹ̀lú àtijọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú aró tí ó ti kan ni wọ́n ń gba àwọ̀ búlúù náà lára rẹ̀. Lónìí, hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò. Iṣẹ́ omi eérú tàbí sódà ni láti mú kí ohun tí ó kù yòrò. Ohun tuntun yìí ní àwọ̀ ewé tí ó jọ ìyeyè, ìfófòó orí rẹ̀ sì ń dán bí bàbà.

Báwo ni aláró ṣe ń dá a mọ̀? Yóò ki àkísà bọ ìkòkò, yóò sì fà á yọ. Bí àkísà bá jáde ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ sì sọ ọ́ di búlúù lójú rẹ̀, aró ti jinná. Bí ó bá ti jáde ní búlúù, aró kò tíì yòrò: ara aṣọ lásán ni ó lẹ̀ mọ́, yóò sì máa ràn mọ́ ara ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Èmi kò ka èyí sí ìmọ̀ tí ó rẹlẹ̀ sí ti yàrá ìwádìí.

Nípa aró òyìnbó, tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1897, ohun kan náà ni àwọ̀ búlúù rẹ̀ àti ti ẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni agbára omi tí a pò ó sí. Omi eérú kò le tó sódà. Sódà a máa bó ọwọ́, ó sì lè fọ́ ojú. Ìdí nìyí tí a fi ń da sódà díẹ̀díẹ̀ sínú omi tútù, tí a kì í da omi lé sódà lórí.