Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀: Ẹ Gba Abẹ́rẹ́, Kí Ẹ sì Ka Ọjọ́

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ dáhùn lẹ́tà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ó kọ wọ́n ń bi mí.

Baálé ilé kan ní Mowe kọ̀wé pé àbúrò òun tí ó wà ní ìlú ọba ti sanwó ọkọ̀ òkun afẹ́ fún òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun méjì. Southampton ni ọkọ̀ náà yóò ti ṣí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù mẹ́rin. Ó fẹ́ mọ abẹ́rẹ́ àti àyẹ̀wò tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìyá kan ní Ibafo ń mú ọmọ méjì lọ síbi ìgbéyàwó ní Lomé. Èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èyí àbúrò jẹ́ ọmọ oṣù méje, ó sì ń mu ọmú. Ẹnìkan ní ibùdókọ̀ ti sọ fún ìyá yìí pé kí ó mú owó wá, kí ó sì wá gba yẹ́lò káàdì ní ọjọ́ kejì, láìsí abẹ́rẹ́ kankan. Ẹnìkẹta ni bàbá kan ní Ifo, ẹni ọdún 67, tí ó ń múra àtilọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀rù ń bà á pé abẹ́rẹ́ tí a kà sílẹ̀ fún òun ti pọ̀ jù fún ara àgbà.

Ọ̀kan ń lọ lórí omi, ọ̀kan nínú mọ́tò, ọ̀kan nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi sí wọn kò yàtọ̀: ẹ gba abẹ́rẹ́ náà sára, kí ẹ sì gbà á ní àkókò. Owó lè ra káàdì, ṣùgbọ́n kò lè ra ọjọ́ mẹ́wàá tí ara fi ń múra. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Àrùn tí wọ́n ń bẹ̀rù

Àrùn tí yẹ́lò káàdì dúró fún ni ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀fọn tí ó ń fún wa ní ibà tí a mọ̀. Ẹ̀fọn tirẹ̀ a máa jẹ ènìyàn ní ojú ọ̀sán, a sì máa yé ẹyin sínú omi tí ó dúró sínú ìkòkò, garawa àti ògbólógbòó táyà lẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá jẹni, ara yóò gbóná, orí àti ẹ̀yìn yóò máa dunni, èébì yóò sì tẹ̀lé e. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a yá láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà sí àwọn díẹ̀ lára: ojú wọn a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa yọ ní ẹnu àti imú, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn a sì bàjẹ́. Nínú àwọn tí ó bá dé ipò yìí, bí ìdajì ni í kú láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Kò sí oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn náà bí ó bá ti wọ ara tán.

Kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Ní ọdún 1987, àrùn yìí jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a kò gbúròó rẹ̀, ó tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní 2017.

Apá ilẹ̀ wa níhìn-ín ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ pàápàá ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1927, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Ghana lónìí, ní ibà náà. Àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìwádìí. Asibi yè é, ṣùgbọ́n Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Láti ara kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ náà ní New York ní 1937, èyí tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Òun náà ni a ń gbà títí di òní.

Ìdí tí ó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá

Kòkòrò àrùn náà gan-an ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Bí ó bá wọ ara, ara yóò rò pé ọ̀tá dé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ogun jọ. Ogun náà kì í pé ní ọjọ́ kan. Nítorí náà ni òfin ìlera àgbáyé fi sọ pé ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó gbà á ní ọjọ́ Ajé tí ó sì wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ní káàdì lọ́wọ́ o, ṣùgbọ́n kò tíì ní ààbò, aṣọ́bodè sì lè dá a padà.

Ohun ayọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni a ń tún un gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù keje 2016, káàdì ẹni tí ó ti gbà á di ti títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Sí baálé ilé ní Mowe

Àwọn àgbà yóò rántí ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ná Liverpool àti Èkó ní 1951. Ní ayé ìgbà náà, ìwé ẹ̀rí bupá wà nínú ohun tí arìnrìn-àjò ń kó dání, nítorí ṣọ̀pọ̀ná. Bupá náà ni ó sì lé ṣọ̀pọ̀ná lọ: ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bupá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ọkọ̀ òkun ní kò lọ. Ọkọ̀ òkun dà bí àgbo ilé kan tí kò ní ẹ̀yìnkùlé: oúnjẹ kan, afẹ́fẹ́ kan, ọ̀nà kan. Ní oṣù kejì 2020, ọkọ̀ afẹ́ Diamond Princess dúró sí èbúté Yokohama ní ilẹ̀ Japan pẹ̀lú ènìyàn 3,711. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, 712 nínú wọn ti kó àrùn kòrónà.

Ìlú ọba fúnra rẹ̀ kì í béèrè yẹ́lò káàdì. Àwọn èbúté tí ọkọ̀ yín yóò yà sí ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ erékùṣù bí Jamaica tàbí Barbados, wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá. Irú ẹ̀fọn náà wà lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kòkòrò àrùn náà wá bá a. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà lónìí, kí ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ gbogbo èbúté ránṣẹ́, àti ohun tí wọ́n ń béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ìyàwó yín ni ó jẹ mí lógún jù. Oyún oṣù mẹ́rin jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 17. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kún un, ó di 25. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ kì í sì gba aboyún tí oyún rẹ̀ yóò pé ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìn àjò tó parí, nítorí pé kò sí ìtọ́jú ọmọ tí a bí láìpé oṣù lórí omi. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni ẹ ti gbọ́ èyí. Ẹ bi wọ́n bóyá a lè sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà kí púpọ̀ nínú wọn tó gbà á, àti ọdún kan bí ọkọ̀ bá ń la agbami òkun kọjá. Kí aboyún má sì ṣe gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ní ti àwọn ọmọ yín, ẹ wá káàdì àjẹsára wọn jáde. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti fi abẹ́rẹ́ yìí sí ara àwọn tí a ń gún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbà á. Ẹ mú káàdì náà dání lọ fi han àwọn òṣìṣẹ́ ìlera.

Sí ìyá ní Ibafo

Ìyá wa, ẹ sá fún ẹni tí ó wà ní ibùdókọ̀ yẹn. Ní oṣù kẹta 2012, ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfuurufú Johannesburg, wọ́n ní àwọn kò gba yẹ́lò káàdì wọn gbọ́. Nàìjíríà bínú, òun náà dá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà padà, títí tí ìjọba wọn fi tọrọ àforíjì. Ayédèrú káàdì tí àwọn kan ń tà ni ó mú kí wọ́n máa fura sí káàdì olódodo pẹ̀lú.

Láti oṣù keje 2019 ni ìjọba ti ń lo káàdì tuntun tí ó ní àmì tí ẹ̀rọ ń kà. Aṣọ́bodè lè fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ́fíìsì Port Health ni wọ́n ti ń gbà á, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń ṣọ́ èbúté àti ibodè. Ti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà súnmọ́ ará Mowe àti Ibafo. Ará Ifo lè lọ síbẹ̀ tàbí kí ó gba Ìdí-Ìrókò lọ. Ẹ tètè jáde nílé, ẹ ṣáà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Kí ẹ̀yin àti ọmọ ọdún márùn-ún gba abẹ́rẹ́ náà, bí ẹ kò bá tíì gbà á rí. Ọmọ oṣù méje kò tíì tó o gbà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń mu ọmú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún yín, kí ó lè wo èyí tí ó dára jù. Lójú ọ̀nà, ẹ fi àpò ẹ̀fọn bo ọmọ náà, kódà ní ọ̀sán.

Sí bàbá ní Ifo

Bàbá, àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní ìdí láti béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí. Ewu abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ju ti ọ̀dọ́ lọ fún àgbà tí yóò gbà á ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti gbà á nígbà kan rí, ẹ kò nílò òmíràn. Bí ẹ kò bá gbà á rí, ẹ lọ bá dókítà kí ẹ tó lọ sí Port Health, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn àti oògùn yín fún un. Ẹni tí ẹyin adìẹ máa ń ṣe ní ibi gidigidi, àti ẹni tí àìsàn ti mú kí ara rẹ̀ má lè jà, kò gbọ́dọ̀ dá a gbà láìbéèrè. Dókítà lè kọ ìwé pé abẹ́rẹ́ kò bá ara yín mu, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ yóò gbà á.

Ti àrùn yírùnyírùn kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Saudi Arabia fi dandan lé e fún gbogbo onímẹ́kà, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó débẹ̀. Wọ́n tún máa ń béèrè ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ àwa ará Nàìjíríà. Bí mílíọ̀nù ènìyàn bá péjọ sí ojú kan, ikọ́ ẹnìkan lè di ti ẹgbẹ̀rún.

Àyẹ̀wò tí a kò béèrè

Ẹ má san owó fún àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ará Ifo mọ̀ pé Ewékorò kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní oṣù kejì 2020. Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe àyẹ̀wò kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n Nàìjíríà fagi lé òfin náà ní oṣù kejìlá 2022. Àyẹ̀wò ikọ́ ife tí ìlú ọba ń béèrè wà fún ẹni tí yóò gbé ibẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, kì í ṣe fún ẹni tí ń lọ ṣe afẹ́.

Bí a ti ń ka ọjọ́

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: ẹ kọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ wá káàdì àwọn ọmọ, kí aboyún, arúgbó àti aláìsàn sì lọ rí dókítà.

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Bí ọmọ bá tún fẹ́ gba ti ìta, kí ó gba méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, tàbí kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín wọn.

Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ẹ gba èyí tí ó kù, kí ẹ sì yẹ orúkọ inú káàdì wò, kí ó bá ti inú páṣípọ́ọ̀tù mu.

Bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti parí. Èyí tí ẹ bá gbà lẹ́yìn èyí kò ní ṣiṣẹ́ fún ìrìn àjò náà.

Nínú ọkọ̀, ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Kòkòrò èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ afẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti oje ọtí tí a ń fi pa ọwọ́. Ẹ kó káàdì àti oògùn yín sínú báàgì ọwọ́, ẹ má ṣe kó wọn sínú ẹrù ńlá.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti gbọ́ o. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.