Òdòdó Tí Ó Yẹ Orí Àpáta

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí ó bá ń gbé Abẹ́òkúta, Ìdànrè tàbí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì mọ̀ pé ibi tí àpáta bá wà nínú ọgbà, ọkọ́ kì í wọlé níbẹ̀. Kí ni a lè gbìn síbẹ̀ tí yóò bu ẹwà kún ilé, tí owó wa kò sì ní ṣòfò?

Nínú ọgbà tiwa ní Abẹ́òkúta, àṣìṣe ni a fi bẹ̀rẹ̀. A ra òdòdó eléwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á létí títì, a sì gbìn wọ́n sáàárín òkúta. Wọ́n dára títí òjò fi dá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo wọn gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni omi tí a ń bù sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, owó ni a fi ń rà á.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Oòrùn a máa mú òkúta gbóná, erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò pọ̀, omi kì í sì í pẹ́ gbẹ níbẹ̀. Ewéko tí ń fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀ ni ó yẹ irú ibẹ̀. Ẹ tẹ ewé rẹ̀ wò: bí ó bá nípọn tí ó sì lómi nínú, ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn.

Àbámọdá dára púpọ̀. Ewé rẹ̀ kan tí ó bá bọ́ sílẹ̀ lè hu ọmọ yí etí rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn jẹ ẹ́, májèlé ni fún wọn. Ọ̀já ìkòokò, tí ewé rẹ̀ nà sókè bí idà, àti alóò náà yẹ ibẹ̀. Gbúre ní òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì tún ṣe é sè lọ́bẹ̀. Ẹ fi pẹ̀rẹ́gún sí ìsàlẹ̀ àpáta, níbi tí omi ń ṣàn sí.

Ẹ gbìn wọ́n nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Ẹ po yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, kí omi má baà dúró kí ó sì jẹ gbòǹgbò. Ẹ fi òkúta ká a, kí àgbàrá má baà gbá a lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ra fún oró ẹlẹ́gùn-ún. Oje funfun inú rẹ̀ léwu fún ojú. Ẹ má gbìn ín síbi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti ń hù fúnra rẹ̀ lórí àpáta àdúgbò wa. Ohun tí ó la ẹ̀ẹ̀rùn já níbẹ̀ láìsí ẹni tí ń bomi rin ín, yóò yè lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú.