ỌMỌ TÓ LỌ KÌ Í ṢE OMI TÓ DÀNÙ

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́run Allah, Ẹni tó ń fúnni lọ́mọ, tó sì ń gbà á. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.). Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí wúwo: kí ni ẹ̀sìn wa wí fún ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́?

Bí ọmọ kékeré bá kú nílẹ̀ wa, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nítorí ìyá ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi oṣù mẹ́sàn-án gbé ọmọ náà sínú mọ̀ pé omi kọ́ ni òun pàdánù. Ẹ̀sìn Islam gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ké nígbà tí a bí i, ènìyàn pípé ni. Bó kú lọ́jọ́ yẹn gan-an, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó fi aṣọ funfun dì í, a ó kírun sí i lára, bí a ti ń ṣe fún àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká wo Ànábì fúnra rẹ̀. Nínú ọmọ méje tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó bí, mẹ́fà ló kú lójú ayé rẹ̀. Fatimah nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ibrahim, ọmọ tí Mariya bí fún un, kò tíì pé ọdún méjì nígbà tó kú ní ọdún kẹwàá Hijira, ìyẹn 632. Ànábì gbé e mọ́ra, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ya Abdur-Rahman ọmọ Awf lẹ́nu. Ànábì jẹ́ kó mọ̀ pé àánú ni omijé náà, pé ìbànújẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹnu kò bá ti sọ ohun tí Ọlọ́run kò fẹ́.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní ikú Ibrahim ló fà á. Ànábì kọ̀ ọ́ fún wọn: oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ o! Baba tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ikú ọmọ rẹ̀ ṣe àmì. Nítorí náà, kí a má sọ pé àbíkú ni. Kí a má fi abẹ kan ara òkú ọmọ. Kí a má fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá ọkọ. Ibà àti àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ló wà nídìí púpọ̀ nínú ikú bẹ́ẹ̀. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó so yìgì.

Ànábì Yaqub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ó wà nínú Súrà Yusuf. Ọlọ́run ló ń ro ẹjọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún, kò sì sọ̀rètí nù. Súrà Tur, áyà 21, ṣe ìlérí pé Ọlọ́run yóò da àwọn onígbàgbọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ wọn. Hadith tí Tirmidhi gbà wá sì sọ pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, tó yin Ọlọ́run, tó sì gbà pé ti Ọlọ́run ni gbogbo wa, ilé kan ni a ó kọ́ fún un ní àlùjánnà; Ilé Ọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má yára sọ pé òmíràn ń bọ̀. Ẹ pe ọmọ tó lọ lórúkọ. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ jẹ́ kí ìyá sunkún, kí bàbá náà sunkún.

Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn ọmọ wa tó lọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó dá èyí tó kù sí, kí Ó sì pa wá pọ̀ ní àlùjánnà. Àmín.