Ìráhùn Olùdìbò: Ìdìbò Òjijì ti Ilẹ̀ Bìrìtéènì, 2017

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọdún 2017, Theresa May, olórí ìjọba Bìrìtéènì nígbà náà, ṣàdédé kéde ìdìbò gbogbogbòò. Nígbà tí oníròyìn kan sọ ọ́ fún obìnrin àgbàlagbà kan ní ìlú Bristol, ìyá náà ní ṣé àwàdà ni, àbí òmíràn tún dé? Ìbéèrè pèsìjẹ nìyẹn. Kò wá èsì. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ti bá àwọn sọ ọ́: àárẹ̀ ìdìbò 2015 àti ti ìbò Yúróòpù 2016 kò tí ì tán lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra: ìráhùn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, àwọn tí ó jáde dìbò pọ̀ ju ti 2015 lọ. Àga 317 nínú 650 ni ẹgbẹ́ May rí gbà. Kò tó ìdajì.